DVR wo ni kí n rà? Bẹ́ ẹ ṣe máa yan ẹ̀rọ tó ń rékọ́ọ̀dù TV nílé, fún ẹ̀yin ará Òṣogbo

Àwọn èèyàn ò yéé bi mí, pàápàá tí Premier League bá ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, tàbí tí ọdún Ọ̀ṣun bá ti ń sún mọ́lé lóṣù kẹjọ: "Ẹ̀gbọ́n, DVR wo ló dáa, kí n lè máa rékọ́ọ̀dù nígbà tí mi ò bá sí nílé?" Ìdáhùn mi kì í yí padà, inú wọn kì í sì í dùn sí i. Mi ò lè dárúkọ ẹ̀rọ kankan fún yín tí mi ò bá tíì mọ ohun tó wà lẹ́yìn TV yín. Ọ̀nà tí àwòrán ń gbà wọ TV yín ló máa sọ irú ẹ̀rọ tó lè gbà á sílẹ̀, bí dísìkì ṣe tóbi tó ò kan ìyẹn rárá, bí páálí ṣe rẹwà tó ò sì kàn án. Àwọn tó bá kọ́kọ́ gbé owó lọ sí Alékúwodò kí wọ́n tó wo ẹ̀yìn TV wọn ni wọ́n máa ń gbé ọjà padà lọ lọ́jọ́ kejì, tí onítajà á wá máa sọ fún wọn pé ọjà tí òun bá ti tà, òun kì í gbà á padà.

Ẹ jẹ́ ká tò ó bó ṣe yẹ kó tẹ̀ léra.

## Ẹ ṣọ́ra kẹ́ ẹ má gbé ti kámẹ́rà wálé

Tẹ́ ẹ bá wọ ṣọ́ọ̀bù lónìí tẹ́ ẹ ní "ẹ fún mi ní DVR", ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé ti kámẹ́rà CCTV ni wọ́n máa gbé síta, torí òun làwọn èèyàn ń rà jù. Àpótí pẹlẹbẹ ni, ó ní ihò roboto mẹ́rin tàbí mẹ́jọ tàbí mẹ́rìndínlógún lẹ́yìn fún wáyà kámẹ́rà, ó sì tún ní HDMI. HDMI yẹn ló ń tan èèyàn jẹ. Àwòrán ń gba ibẹ̀ jáde lọ sí TV ni o, kò sí ohun tó ń gba ibẹ̀ wọlé. Kò ní tíyúnà (ohun tó ń mú ìkànnì láti áńtẹ́nà tàbí díṣì), kò mọ NTA, kò mọ OSBC, kò mọ ìkànnì bọ́ọ̀lù kankan.

Ohun tẹ́ ẹ máa sọ ni pé "díkódà tó ń rékọ́ọ̀dù" lẹ ń wá, tàbí kẹ́ ẹ ní "PVR". Tí onítajà bá sọ pé ìkan náà ni gbogbo ẹ̀, ẹ kí i, ẹ máa lọ sí ṣọ́ọ̀bù tó kàn.

## Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ lọ wo ẹ̀yìn TV yín

Kò gba ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Ẹ mú fóònù dání, kẹ́ ẹ máa ya fọ́tò bẹ́ ẹ ṣe ń lọ.

1. Ẹ wo wáyà tó wọ TV gan-an. Ṣé láti ara díkódà ló ti ń bọ̀, àbí áńtẹ́nà ló wọ TV tààrà?
2. Tó bá jẹ́ díkódà, ẹ yí i padà kẹ́ ẹ ya orúkọ àti nọ́ńbà tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀.
3. Ẹ wo wáyà tó wọ díkódà. Ṣé ti díṣì ni àbí ti áńtẹ́nà? Ṣé ẹyọ kan ni àbí méjì?
4. Ẹ wo ṣájà díkódà, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí i, bíi 12V 1.5A. Ọ̀rọ̀ iná máa fẹ́ ìyẹn tó bá yá.
5. Ẹ kọ ìkànnì mẹ́ta tàbí mẹ́rin tẹ́ ẹ fẹ́ máa rékọ́ọ̀dù sílẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ohun tẹ́ ẹ máa ń wò o, èyí tẹ́ ẹ bá pàdánù rẹ̀ tó máa dùn yín ni.

Nọ́ńbà karùn-ún yẹn làwọn èèyàn máa ń fò, òun ló sì ṣe pàtàkì jù. Ẹni tó jẹ́ pé ìròyìn OSBC àti eré Yorùbá ló fẹ́ gbà sílẹ̀, àti ẹni tó jẹ́ pé bọ́ọ̀lù lórí ìkànnì olówó ló fẹ́, ẹ̀rọ kan náà ò lè tẹ́ àwọn méjèèjì lọ́rùn.

## Ìgbésẹ̀ 2: Irú ẹ̀rọ tó bá yín mu

### Tó bá jẹ́ DStv lẹ ní

Kò sí àríyànjiyàn níbí, díkódà tiwọn tó ń rékọ́ọ̀dù lẹ máa lò, ìyẹn Explora. Dísìkì wà nínú ẹ̀. Àwọn ìkànnì yẹn ni wọ́n ti tì pa, káàdì àti díkódà tiwọn nìkan ló lè ṣí i, torí náà kò sí àpótí ìta tó máa bá yín gbà á sílẹ̀ dáadáa. Àwọn nǹkan tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó:

- Explora ò fẹ́ irú orí díṣì tí díkódà kékeré ń lò. Ẹ bi ẹni tó ń ṣe díṣì fún yín bóyá ó máa pààrọ̀ LNB, ìyẹn orí díṣì náà, kẹ́ ẹ sì ṣírò owó yẹn mọ́ ọn.
- Owó kékeré kan tún wà lóṣooṣù lórí owó sọ́bù fún rírékọ́ọ̀dù. Ẹ béèrè iye rẹ̀ lọ́wọ́ wọn.
- Tí owó sọ́bù bá tán, ohun tẹ́ ẹ ti gbà sílẹ̀ máa tì. Ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ èyí, wọ́n á rò pé "èmi ni mo gbà á sílẹ̀, tèmi ni". Inú dísìkì yín ló wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ wọn.
- Tẹ́ ẹ bá yọ dísìkì inú ẹ̀ kẹ́ ẹ fi sí kọ̀ǹpútà, ẹ ò ní rí nǹkan kan wò. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba owó lọ́wọ́ yín pé òun lè ṣe é.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra Explora tó ti lò tẹ́lẹ̀ lọ́wọ́ ẹnì kan, ẹ rí i dájú pé wọ́n lè yí i sí orúkọ yín. Ẹ jọ lọ sí ọ́fíìsì ni, ẹ má gba "mo máa bá yín ṣe é tó bá yá".

### Tó bá jẹ́ GOtv, StarTimes tàbí díkódà kékeré míì

Ibí ni ìbànújẹ́ pọ̀ sí. Ẹ máa rí ihò USB lẹ́yìn díkódà, ọkàn yín á sì balẹ̀ pé ó máa rékọ́ọ̀dù. Ihò USB kì í ṣe ẹ̀rí. Lára ọ̀pọ̀ díkódà, torí kí wọ́n lè máa fi sọ́fítíwíà tuntun sí i ni wọ́n ṣe ṣe é, tàbí kẹ́ ẹ lè máa gbọ́ orin látinú fíláàṣì.

Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ̀ láìbi ẹnikẹ́ni: ẹ ki fíláàṣì bọ̀ ọ́, ẹ wo rímóòtù bóyá bọ́tìnì pupa roboto kan wà tí wọ́n kọ REC sí, ẹ tẹ̀ ẹ́. Tí kò bá sí, ẹ wọ mẹ́nù, ẹ wá "PVR", "Record" tàbí "Timeshift". Tẹ́ ò bá rí ìkankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó ti tán, díkódà yẹn ò lè ṣe é, kò sì sí app tẹ́ ẹ fẹ́ fi sí i.

Tó bá wà, tó sì rékọ́ọ̀dù, ẹ tún ṣe nǹkan kan kẹ́ ẹ tó máa yọ̀: ẹ gbìyànjú àti rékọ́ọ̀dù ìkànnì tẹ́ ẹ ń sanwó fún. Àwọn kan máa ń gbà kẹ́ ẹ rékọ́ọ̀dù ìkànnì ọ̀fẹ́ nìkan.

### Tó bá jẹ́ ìkànnì ọ̀fẹ́ lẹ ń wò, láti áńtẹ́nà tàbí díṣì

Ẹ̀yin lẹ rí ṣe jù nínú gbogbo wa, torí ọ̀pọ̀ ìkànnì ọ̀fẹ́ ni wọn ò tì pa mọ́ yín. Òṣogbo wà lára àwọn ìlú tí wọ́n ti ṣe ìfilọ́lẹ̀ TV oní-díjítà FreeTV ní 2018. Díṣì tí kì í gbowó oṣù náà sì wà, ó pọ̀ káàkiri Òkè-Fìà dé Ìgbóǹnà.

Ẹ ra díkódà tí wọ́n kọ PVR sí lára. Ti áńtẹ́nà gbọ́dọ̀ jẹ́ DVB-T2, ti díṣì gbọ́dọ̀ jẹ́ DVB-S2, àwọn kan ní méjèèjì pa pọ̀, èmi fẹ́ràn irú ẹ̀ jù torí tí òjò bá ba díṣì jẹ́ lọ́wọ́ ẹ ṣì lè rí NTA àti OSBC látorí áńtẹ́nà. Ẹ ka páálí dáadáa: "PVR Ready" túmọ̀ sí pé ọpọlọ wà nínú ẹ̀ ṣùgbọ́n dísìkì ò sí, ẹ̀yin lẹ máa ra tiyín. Kò burú, ó tiẹ̀ dáa jù, torí tí dísìkì bá bàjẹ́ ẹ ò ní sọ díkódà nù.

Àǹfààní míì ni pé fáìlì tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gbà sílẹ̀ ṣeé kó sí láàpútọ́ọ̀pù, app VLC á sì ṣí i. Tí wọ́n bá fi ìyá yín hàn nínú ìròyìn ọdún Ọ̀ṣun, ẹ lè fi ránṣẹ́ sí àwọn àbúrò lókè òkun.

### Tí TV fúnra ẹ̀ bá lè rékọ́ọ̀dù

Àwọn TV kan ní tíyúnà nínú, wọ́n sì ń rékọ́ọ̀dù sórí dísìkì tẹ́ ẹ bá kì bọ̀ wọ́n ní USB. Kẹ́ ẹ tó ná kọ́bọ̀, ẹ kọ́kọ́ wo mẹ́nù TV yín. Wàhálà mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Èkíní, ohun tí tíyúnà TV fúnra ẹ̀ gbà wọlé nìkan ló ń rékọ́ọ̀dù, ohunkóhun tó bá gba HDMI wọlé láti ara díkódà, kò kàn án. Èkejì, ó máa nu gbogbo ohun tó wà lórí dísìkì nù tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ kì í bọ̀ ọ́, torí náà ẹ má lo èyí tí fọ́tò ìgbéyàwó yín wà lórí ẹ̀. Ẹ̀kẹta, ohun tó bá gbà sílẹ̀, TV yẹn nìkan ló lè ṣí i. Lọ́jọ́ tí TV bá bàjẹ́, ó parí nìyẹn.

### Àpótí tó ń gba HDMI wọlé ńkọ́?

Wọ́n ń tà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé ó máa rékọ́ọ̀dù ohunkóhun. Ọ̀pọ̀ díkódà tẹ́ ẹ ń sanwó fún máa ń fi ààbò kan tí wọ́n ń pè ní HDCP sórí HDMI, tí àpótí yẹn bá ti rí i, ojú dúdú ló máa gbà sílẹ̀. Ó dáa fún gèémù àti fún kámẹ́rà àpèjẹ, kò dáa fún èyí tá à ń sọ.

Àwọn kan máa ń lo wáyà AV ayé àtijọ́, aláwọ̀ yẹ́lò, pupa àti funfun, láti ara díkódà bọ́ sínú ẹ̀rọ tó ń gbà á sílẹ̀. Ó ń ṣiṣẹ́ lára díkódà tó bá ṣì ní ihò yẹn, ṣùgbọ́n àwòrán ẹ̀ ò ní mọ́ tó HD láéláé, nọ́ńbà ẹ̀yìn jẹ́sì lè máà ṣeé kà. Ẹ sì gbọ́dọ̀ fi díkódà sórí ìkànnì náà kẹ́ ẹ tó jáde nílé, torí ẹ̀rọ yẹn ò lè bá yín yí ìkànnì.

### Tòkunbọ̀

Ẹ má ra TiVo, ẹ má ra àpótí Sky láti ìlú òyìnbó, bó ti wù kó pọ́ọ́kú tó. Ètò ìkànnì Amẹ́ríkà àti ti Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ṣe wọ́n fún, owó oṣù ibẹ̀ ni wọ́n ń jẹ, wọ́n ò ní mọ díṣì yín. Ti Amẹ́ríkà tún lè jẹ́ iná 110V, ti Jàpáànù 100V, ẹ kì í bọ iná wa tó jẹ́ 230V, ẹ gbọ́ "pàù", ó tán. Ẹ máa ka ẹ̀yìn ẹ̀: tí wọ́n bá kọ 100–240V, kò séwu níbi iná, ṣùgbọ́n ìkànnì ṣì máa jẹ́ wàhálà.

## Ìgbésẹ̀ 3: Tíyúnà mélòó?

Èyí ò gùn. Tíyúnà kan túmọ̀ sí pé tó bá ń rékọ́ọ̀dù ìkànnì kan, ìkànnì yẹn náà lẹ máa wò, tàbí èyí tó bá wà pẹ̀lú rẹ̀ lórí frequency kan náà. Tíyúnà méjì túmọ̀ sí pé bàbá ń wo ìròyìn, bọ́ọ̀lù ọmọ ń wọlé lábẹ́lẹ̀, ìjà ò sí. Tó bá jẹ́ díṣì, tíyúnà méjì sábà máa ń fẹ́ wáyà méjì láti orí díṣì wá, tàbí LNB tó lè fi wáyà kan gbé méjèèjì. Tẹ́ ẹ bá ra tíyúnà méjì tẹ́ ẹ wá so wáyà kan lásán mọ́ ọn, owó yín ti wọmi.

Ẹni tó ń dá gbé, tó jẹ́ pé ìgbà tó bá wà níbi iṣẹ́ ló fẹ́ rékọ́ọ̀dù, kan tó o.

## Ìgbésẹ̀ 4: Dísìkì

Ìṣirò kan ṣoṣo lẹ nílò. Gbogbo 1 Mbps (òṣùwọ̀n bí àwòrán ṣe ń yára wọlé tó) tí ìkànnì bá ń lò, ó máa gba 0.45GB ní wákàtí kan. Ìkànnì lásán tó ń lo bíi 3 Mbps máa gba 1.35GB ní wákàtí kan, HD tó ń lo bíi 8 Mbps máa gba 3.6GB. Bọ́ọ̀lù kan, pẹ̀lú ìsinmi àti àlàyé, wákàtí méjì, 7GB ó lé díẹ̀ nìyẹn tó bá jẹ́ HD.

- Fíláàṣì 32GB: bíi wákàtí 8 HD. Ó tó fún ìdánwò àti ìròyìn.
- Dísìkì 500GB: á fi 465GB hàn yín, ẹ má rò pé wọ́n jí i, bí wọ́n ṣe ń ka á ló yàtọ̀. Ó lé ní wákàtí 120 HD.
- 1TB: ìlọ́po méjì ìyẹn. Nílé tí èèyàn mẹ́rin, márùn-ún wà, mi ò rí ìdí téèyàn á fi rà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tẹ́ ò bá wò láàárín oṣù méjì, ẹ ò ní wò ó mọ́.

Ẹ fiyè sí àwọn wọ̀nyí:

Fíláàṣì ayédèrú. Wọ́n á kọ 512GB sí i lára, 8GB ló wà nínú ẹ̀. Ó máa gbà á sílẹ̀ bíi pé kò sí nǹkan, tẹ́ ẹ bá wá ṣí i, ìdajì ò ní sí. Ẹ fi app kan tó ń jẹ́ h2testw yẹ̀ ẹ́ wò lórí kọ̀ǹpútà Windows kẹ́ ẹ tó gbẹ́kẹ̀ lé e.

FAT32. Tó bá jẹ́ FAT32 (ọ̀kan lára ọ̀nà tí wọ́n ń gbà fọ́mátì) ni wọ́n fi fọ́mátì fíláàṣì tàbí dísìkì yín, fáìlì kan ò lè ju 4GB lọ. Díkódà tó gbọ́n á gé e sí wẹ́wẹ́, èyí tí ò gbọ́n á kàn dúró níbi tí àwọn kan ti fẹ́ gbá pẹ́nárítì. Ẹ jẹ́ kí díkódà fúnra ẹ̀ fọ́mátì dísìkì, tó bá ní kẹ́ ẹ mú ọ̀kan nínú NTFS àti FAT32, ẹ mú NTFS.

Iná USB ò tó. USB 2.0 ò ṣèlérí ju 500mA lọ. Dísìkì tó ń yí lè fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà tó bá kọ́kọ́ ń dìde. Tẹ́ ẹ bá ń gbọ́ "tíkì, tíkì, tíkì" tí díkódà sì ń sọ pé òun ò rí dísìkì, kì í ṣe pé dísìkì bàjẹ́, ebi iná ló ń pa á. Ẹ ra USB hub tó ní ṣájà tiẹ̀, tàbí dísìkì tó ní ṣájà tiẹ̀, tàbí kẹ́ ẹ lo SSD, ìyẹn dísìkì tí kì í yí.

## Ìgbésẹ̀ 5: Ọ̀rọ̀ iná, èyí tí ìwé inú páálí ò ní sọ fún yín

Inú Òṣogbo níbí ni National Control Centre tó ń darí iná gbogbo orílẹ̀-èdè wà, ṣùgbọ́n ẹ má torí ìyẹn rò pé iná ò ní lọ ní ìṣẹ́jú márùn-ún sí òpin bọ́ọ̀lù. Ẹ̀rọ tó ń rékọ́ọ̀dù ò dà bíi TV tó jẹ́ pé tí iná bá lọ tó sì dé, ẹ kàn máa bá a lọ. Tí iná bá lọ nígbà tó ń kọ nǹkan sórí dísìkì, ohun mẹ́ta ló lè ṣẹlẹ̀: ó lè pàdánù èyí tó ń gbà lọ́wọ́, ó lè ba ibi tó ń kọ orúkọ fáìlì sí jẹ́ tí gbogbo dísìkì á wá dà bí òfìfo, tàbí kí díkódà jókòó sórí iná pupa tí iná bá dé, kó má tan ara ẹ̀, kó sì gbàgbé pé ẹ sọ fún òun pé kóun rékọ́ọ̀dù láago mẹ́rin.

Ìròyìn ayọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé TV ò nílò kó wà ní títàn tẹ́ ẹ bá ń rékọ́ọ̀dù sórí díkódà. Díkódà nìkan ló fẹ́ iná, òun náà ló ń gbé iná lọ sórí díṣì. Ọ̀pọ̀ wọn ò jẹ ju 10W sí 30W lọ. Torí náà ẹ ò nílò íńfátà ńlá:

1. Mini UPS 12V, irú èyí táwọn èèyàn fi ń gbé ráútà. Tí ṣájà díkódà yín bá jẹ́ 12V, tí amperes UPS ò sì dín sí ohun tí wọ́n kọ sí ṣájà, ó máa ṣiṣẹ́. Ẹ má fi 9V tàbí 19V dán an wò láé. Tẹ́ ẹ bá lo dísìkì USB pẹ̀lú ẹ̀, ẹ wá èyí tó ní agbára díẹ̀ sí i.
2. UPS kọ̀ǹpútà 650VA. Bátìrì inú ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ 12V 7Ah, ìyẹn 84Wh. Tẹ́ ẹ bá yọ èyí tí UPS fúnra ẹ̀ ń jẹ, ẹ fọkàn sí wákàtí kan àtààbọ̀ fún díkódà 20W, tí bátìrì bá ṣì tuntun. Ẹ má fi TV sí i, ẹ má fi fáànù sí i.
3. Íńfátà tàbí sólà tó ti wà nílé. Ó dáa jù, ẹ kàn rí i dájú pé sọ́kẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìn TV wà lára èyí tí íńfátà ń gbé.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbẹ́kẹ̀ lé jẹnẹrétọ̀, ẹ rántí pé láàárín ìgbà tí iná lọ àti ìgbà tẹ́ ẹ bá máa yí súwíìṣì, díkódà ti kú. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí iná ẹ̀ ń lọ sókè sódò tún máa ń pa ṣájà. Bó bá jẹ́ òun nìkan lẹ ní, ẹ fi sítábíláísà àti UPS kékeré sáàárín.

Ní ti òjò: òjò ńlá máa ń gé àwòrán díṣì, ihò á sì wà nínú ohun tẹ́ ẹ gbà sílẹ̀, kò sí dísìkì tó lè tún ìyẹn ṣe. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń ṣe díṣì bá yín gbé "quality" ga dáadáa kí òjò tó dé. Tí àrá bá ń sán gan-an, ẹ yọ wáyà iná, ẹ yọ wáyà díṣì náà, ẹ jẹ́ kí fíìmù lọ. Fíìmù á tún padà wá.

## Ìgbésẹ̀ 6: Ẹ dán an wò ní ṣọ́ọ̀bù

Mi ò ní kọ iye owó síbí torí ó lè ti yí padà kẹ́ ẹ tó kà á tán. Ẹ bi ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta, ní Alékúwodò, ní Ọlá-Ìyá, níbikíbi tó bá sún mọ́ yín, kẹ́ ẹ sì mú fíláàṣì yín dání. Ẹ ní kí wọ́n tan án, kí wọ́n fi áńtẹ́nà tàbí díṣì sí i. Tí wọ́n bá ní "ó ń ṣiṣẹ́, ẹ fọkàn balẹ̀", ẹ sọ pé ọkàn yín á balẹ̀ tẹ́ ẹ bá rí i.

- Ẹ rékọ́ọ̀dù ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ wò ó padà. Ohùn àti àwòrán ń lọ pọ̀?
- Bó ṣe ń rékọ́ọ̀dù lọ́wọ́, ẹ fa wáyà iná yọ. Ẹ dá a padà. Ṣé ó tan ara ẹ̀? Ṣé èyí tó ti gbà tẹ́lẹ̀ ṣì wà? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fojú fo ìdánwò yìí, òun nìkan ló máa fi hàn yín bó ṣe máa rí nílé.
- Ẹ sét táímà ìṣẹ́jú mẹ́ta sí i, ẹ pa á pẹ̀lú rímóòtù. Ṣé ó dìde fúnra ẹ̀?
- Ẹ wo ojú ìwé táímà: ṣé ó ní "ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀", àbí ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló mọ̀?
- Ẹ gba rìsíìtì tí wọ́n kọ nọ́ńbà ẹ̀rọ náà sí, àti iye ọjọ́ tẹ́ ẹ lè dá a padà.

## Ìgbésẹ̀ 7: Tẹ́ ẹ bá délé

Aago. Ẹ wọ mẹ́nù, ẹ fi sí GMT+1. Díkódà tó bá wà lórí GMT lásán máa fi wákàtí kan pẹ́, èyí tó bá wà lórí aago Gúúsù Áfíríkà, GMT+2, á fi wákàtí kan yá. Ọ̀pọ̀ "díkódà mi ò rékọ́ọ̀dù" tí mò ń gbọ́, aago ni.

Ẹ̀yin oníbọ́ọ̀lù, àwọn Gẹ̀ẹ́sì máa ń yí aago wọn padà ní òpin oṣù kẹta àti òpin oṣù kẹwàá, àwa kì í yí tiwa. Bọ́ọ̀lù aago mẹ́ta ọ̀sán níbẹ̀ máa jẹ́ aago mẹ́ta lọ́dọ̀ wa nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, ó máa di aago mẹ́rin nígbà òtútù wọn. Tẹ́ ẹ bá ń fi ọwọ́ sét táímà ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀, ẹ rántí yí i.

Àfikún. Ẹ jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ ní ìṣẹ́jú márùn-ún ṣáájú, kó sì fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kún ẹ̀yìn fún bọ́ọ̀lù lásán, wákàtí kan tó bá jẹ́ ife-ẹ̀yẹ tó lè wọ àfikún àkókò àti pẹ́nárítì. Ìkànnì ìlú kì í fi bẹ́ẹ̀ tẹ̀ lé àkókò, torí náà ẹ fi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí iwájú àti ẹ̀yìn.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹ rékọ́ọ̀dù ohun tí kò já mọ́ nǹkan. Tí ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n yín bá fẹ́ jáde lórí TV lọ́jọ́ Sátidé, kì í ṣe lọ́jọ́ yẹn lẹ máa kọ́ bó ṣe ń ṣiṣẹ́.

## Tẹ́ ò bá tiẹ̀ fẹ́ rà á

Kì í ṣe gbogbo ilé ló nílò ẹ̀rọ yìí, mo máa ń sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn tó bá bi mí. Ọ̀pọ̀ eré ni wọ́n máa ń tún fi hàn, ẹ wo ètò ọ̀sẹ̀ kẹ́ ẹ tó náwó. Àwọn ilé-iṣẹ́ TV kan ń gbé ìròyìn àti ètò wọn sórí YouTube, tí dátà yín bá gbé e, ẹ wo ó níbẹ̀. Ẹni tó ní láàpútọ́ọ̀pù lè ra tíyúnà USB DVB-T2, kó so áńtẹ́nà mọ́ ọn, kó máa rékọ́ọ̀dù ìkànnì ọ̀fẹ́ sínú ẹ̀, bátìrì láàpútọ́ọ̀pù sì ti jẹ́ UPS fúnra ẹ̀. Tó bá sì jẹ́ ìròyìn OSBC nìkan lẹ fẹ́ máa rí tẹ́ ẹ bá dé láti ọjà, tí díkódà tẹ́ ẹ ní sì ní bọ́tìnì REC, fíláàṣì 32GB tí kì í ṣe ayédèrú ti tó yín, ẹ fi owó tó kù ra mini UPS.